Bí A Ṣe Ń Fi Ìdọ́gba Difẹrẹ́ńṣíà Ṣírò Ohun Tó Ń Pọ̀ Sí I àti Ohun Tó Ń Dín Kù

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ìṣirò dé òpin ilé ẹ̀kọ́ girama lè ti ṣe alábàápàdé P = P₀e^(kt), ìlànà tí a fi ń ṣírò ohun tó ń pọ̀ sí i (e nínú rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí kì í yí padà, nǹkan bí 2.718). Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lágbègbè wa, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló mọ̀ ọ́n sórí dáadáa: wọ́n lè fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà, wọ́n sì lè tẹ ìdáhùn jáde lára kakulétọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá yí díẹ̀, bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná ló ń tutù, tí kò sì lè tutù kọjá bí inú yàrá ṣe tutù tó, àkọ́sórí náà kò ní wúlò mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á sì tún máa wá ìlànà mìíràn tí yóò há sórí. Mo gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: bí ohun kan ṣe ń yára yí padà nísinsìnyí dá lórí iye rẹ̀ tó wà nílẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tó bá lè sọ gbólóhùn yìí nípa ohun tó ń wò, tó lè fi àmì ìṣirò kọ ọ́, tó sì lè kó gbogbo ohun tó jẹ mọ́ iye sí apá kan àti gbogbo ohun tó jẹ mọ́ àkókò sí apá kejì, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ rí ìlànà náà, yálà fún kòkòrò inú àgbàdo, fún oògùn inú ẹ̀jẹ̀, fún èédú abẹ́ ilẹ̀ tàbí fún gbèsè. Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni ìmọ̀ ìpìlẹ̀ nípa difẹrẹ́ńṣíà àti ìńtígírà, kakulétọ̀ tó ní bọ́tìnnì ln (lọ́gárídímù onípìlẹ̀ e), àti ìwé tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu

Ẹ jẹ́ kí á mú àpò àgbàdo kan tí àgbẹ̀ kó sí yàrá lẹ́yìn ìkórè. Kòkòrò kékeré kan wà tó máa ń lu irú ọkà bẹ́ẹ̀ ní ihò: abo rẹ̀ yóò fi ẹnu rẹ̀ tó gùn gbẹ́ ihò sára ẹyọ àgbàdo, yóò yé ẹyin sínú rẹ̀, yóò sì dí ojú ihò náà padà. Ìdin tó bá jáde láti inú ẹyin yóò máa jẹ ẹyọ àgbàdo náà láti inú, yóò sì di kòkòrò tó dàgbà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbi tó bá móoru. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye wọn, ẹ tọwọ́ bọ àárín àpò, kì í ṣe òkè rẹ̀ nìkan. Ẹ bu àgbàdo kún mùdù kan, ẹ dà á sínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ gba kòkòrò kọjá ṣùgbọ́n tí kò gba ọkà, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n sórí abọ́ funfun. Lẹ́búlẹ́bú ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, àwọn kòkòrò náà yóò sì ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹni pé wọ́n ti kú. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ìgbà náà ni kí ẹ kà wọ́n. Mùdù kan ṣoṣo lè tan ni jẹ, nítorí náà ẹ bu mẹ́wàá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpò, ẹ ro iye gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́wàá.

Kí ni a lè wá sọ nípa wọn? Kòkòrò ló ń bí kòkòrò. Bí ọkà bá ṣì pọ̀ tí ojú ọjọ́ kò sì yí padà, ẹyin tí kòkòrò mẹ́jọ yóò yé lóòjọ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí mẹ́rin yóò yé. Èyí túmọ̀ sí pé ìyára tí wọ́n fi ń pọ̀ ń bá iye wọn rìn. Bí P bá dúró fún iye kòkòrò nínú mùdù kan, tí t sì dúró fún iye ọjọ́ tó ti kọjá láti ìgbà tí a kọ́kọ́ kà wọ́n, ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni pé:

dP/dt = kP

Ìdọ́gba tó ní ìyára àyípadà nínú báyìí là ń pè ní ìdọ́gba difẹrẹ́ńṣíà. Apá òsì ni ìyára àyípadà, ìyẹn iye kòkòrò tó ń kún wọn lóòjọ́. Apá ọ̀tún ni iye tó wà nílẹ̀, tí a fi k sọ di púpọ̀. Lẹ́tà k yìí dúró fún nọ́ńbà tí kì í yí padà, òun ló sì ń sọ ohun tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń fi kún iye náà lóòjọ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ àwọn tó ń kú. Ẹ kíyè sí i pé k ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ẹ bá ń ka àkókò ní ọjọ́, k jẹ́ iye fún ọjọ́ kan. Bí ẹ bá yí padà sí ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi méje sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ti rí i pé ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé jù lọ nìyí, ju inú ìńtígírà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ ya iye sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò

Ẹ pín apá méjèèjì pẹ̀lú P, ẹ sì gbé dt lọ sí apá ọ̀tún:

dP/P = k dt

Gbogbo P ti wà ní òsì, gbogbo t ti wà ní ọ̀tún, ohun tí a sì ń pè ní ìyàsọ́tọ̀ nìyẹn. Àwọn olùkọ́ kan máa ń kọminú sí bí a ṣe gbé dt kọjá bí ẹni pé nọ́ńbà lásán ni, wọ́n sì ní ìdí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni pé a pín ìdọ́gba náà pẹ̀lú P, a sì ṣe ìńtígírà apá méjèèjì lórí t. Lábẹ́ òfin ìyípadà lẹ́tà nínú ìńtígírà, (1/P)(dP/dt)dt di dP/P. Ọ̀nà tí Leibniz, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí difẹrẹ́ńṣíà jáde ní ọdún 1684, gbà kọ àmì rẹ̀ ló mú kí ọ̀nà àbùjá náà bá òtítọ́ mu.

Ẹ wá ṣe ìńtígírà apá méjèèjì. Ìńtígírà 1/P ni ln|P|, ti k sì ni kt:

ln|P| = kt + C

Ibí yìí ni kí ẹ ti kọ C, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbàgbé rẹ̀ níhìn-ín, tó ti gbé e kúrò nínú ln kó tó rántí, yóò kọ P = e^(kt) + C, èyí kò sì tọ̀nà rárá. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ìyára àyípadà rẹ̀ jẹ́ ke^(kt), nígbà tó jẹ́ pé ìdọ́gba wa béèrè fún k(e^(kt) + C). Àwọn méjèèjì kò dọ́gba àfi bí C bá jẹ́ òdo. Bí a bá kọ C síbi tó yẹ, P = e^(kt + C), èyí tó jẹ́ e^C nígbà e^(kt); kò ròpọ̀ mọ́ ọn, ńṣe ló ń sọ ọ́ di púpọ̀. Nígbà tí t jẹ́ òdo, P jẹ́ iye tí a kọ́kọ́ kà, ìyẹn P₀, nítorí náà e^C jẹ́ P₀ gan-an:

P = P₀e^(kt)

Ìlànà tí a há sórí tẹ́lẹ̀ rèé, ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tó ti wá. Ohun kan ṣẹ́ kù tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Nígbà tí a fi P pín, a ti gbà pé P kì í ṣe òdo. Ṣé òdo náà lè jẹ́ ìdáhùn? Bẹ́ẹ̀ ni: bí P bá jẹ́ òdo títí lọ, ìyára rẹ̀ jẹ́ òdo, kP náà sì jẹ́ òdo. Àpò tí kò ní kòkòrò kankan yóò wà bẹ́ẹ̀ nínú àwòṣe wa, ìyẹn ìdọ́gba tí a fi ń ṣojú ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ti gidi, àwọn kòkòrò náà lè ti inú oko wọlé sára àgbàdo kí a tó kórè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ́gba yìí kò mọ ìyẹn, nítorí pé a kò sọ ọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà sí i. Ká sọ pé kòkòrò mẹ́rin la kà nínú mùdù kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí a sì ka ogún lẹ́yìn ọjọ́ 35. Nígbà náà 20 = 4e^(35k), e^(35k) = 5, k = ln 5 ÷ 35, èyí tó jẹ́ 0.046 fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń di ìlọ́po méjì? Ẹ fi 2P₀ sí ipò P. P₀ yóò pa ara rẹ̀ rẹ́, ohun tó kù ni ln 2 ÷ k, ìyẹn 0.693 ÷ 0.046, nǹkan bí ọjọ́ 15. Ẹ wò ó pé iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ìdáhùn yìí. Àmì tí a fi ń dá irú ìdàgbà yìí mọ̀ nìyẹn: àtimẹ́rin di mẹ́jọ àti irinwó di ẹgbẹ̀rin, àkókò kan náà ni wọ́n gbà.

Ẹ dán àwòṣe náà wò kí ẹ tó gbà á gbọ́

Kíkà ẹ̀ẹ̀mejì lè fún wa ní k, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa bóyá gbólóhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí pé kò sí àmì méjì tí a kò lè fa ìlà gbọọrọ kọjá lára wọn. Ẹ kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, ó sì dára jù kí ó tó márùn-ún tàbí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ẹ wá ln iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì yà á sórí gíráàfù, kí àkókò wà ní ìbú, kí ln P wà ní òró. Bí ln P = kt + C bá jẹ́ òtítọ́, àwọn àmì náà yóò tò sórí ìlà gbọọrọ, bí ìlà náà ṣe dagun tó sì ni k. Bí wọ́n bá tẹ̀ wálẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ohun kan ti ń dí ìdàgbà náà lọ́wọ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, gíráàfù ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí pé òun nìkan ló lè sọ fún wa pé a ṣìnà.

Iye ènìyàn ìpínlẹ̀ Kogí jẹ́ àpẹẹrẹ ìkìlọ̀ yìí. Ìkànìyàn oṣù kọkànlá ọdún 1991, tí wọ́n ṣe ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, ka 2,147,756. Ti oṣù kẹta ọdún 2006 ka 3,314,043. Bí a bá pín èkejì pẹ̀lú èkíní, a rí 1.543, ln rẹ̀ jẹ́ 0.434, a pín in fún ọdún 14.33, k sì di 0.0303 fún ọdún kan. Ìlọ́po méjì yóò gba nǹkan bí ọdún 23. Ìṣirò náà tọ̀nà, àmọ́ ìkànìyàn méjì péré ni, kò sì sí ẹ̀kẹta tí a lè fi dán an wò. Ẹni tó bá fi k yìí sọ iye tó yẹ kó wà ní Kogí ní ọdún 2050 ti gbà pé ìbí, ikú àti ìṣíkiri kò yí padà, ó sì yẹ kí ó sọ bẹ́ẹ̀ síta.

Nígbà tí àyè bá ń tán

Ẹ padà sí àpò àgbàdo. Bí k bá dúró sí 0.046, kòkòrò inú mùdù kan yóò ti lé ní mílíọ̀nù 77 lẹ́yìn ọdún kan. Kò sí mùdù tó lè gba ìyẹn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó kì í ṣe ìńtígírà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni: a sọ pé kí ọkà ṣì pọ̀, a sì gbàgbé pé wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí á tún un sọ: ìyára náà ń bá iye wọn rìn, ó sì tún ń bá àyè tó ṣẹ́ kù rìn. Bí M bá jẹ́ iye tó pọ̀ jù tí mùdù kan lè bọ́,

dP/dt = kP(1 − P/M)

Pierre Verhulst, onímọ̀ ìṣirò ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé ìdọ́gba yìí kalẹ̀ ní ọdún 1838, nígbà tó ń ronú nípa iye ènìyàn. Ó ṣe é yà sọ́tọ̀ bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n apá òsì nílò iṣẹ́ díẹ̀. Ẹ pín pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní P, ẹ ó rí M/(P(M − P)) dP = k dt. Ẹ fọ́ ìdá apá òsì sí méjì, 1/P + 1/(M − P), kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀ padà láti rí i pé òótọ́ ni. Ìńtígírà rẹ̀ jẹ́ ln P − ln(M − P) = kt + C; àmì ìyọkúrò tó wà níwájú ln kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nù, ó sì wá láti ara −P tó wà nínú M − P. Bí ẹ bá tò ó dáadáa,

P = M/(1 + Ae^(−kt)), tí A fi jẹ́ (M − P₀)/P₀

Ká gbà pé M jẹ́ 800. A di 796 ÷ 4, ìyẹn 199. Ní ọjọ́ 35, ìdọ́gba yìí fún wa ní 19.6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ogún tí ti àkọ́kọ́ sọ. Ní ọjọ́ 105, ti àkọ́kọ́ sọ 500, èyí sọ nǹkan bí 309. Ìdí nìyẹn tí ìdàgbà tó ní òpin fi máa ń jọ èyí tí kò ní òpin ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó bá kà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré kò fi ní mọ ìyàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pọ̀ ní ìyára jù lọ ni ìdajì M, ìyẹn 400, ní nǹkan bí ọjọ́ 115. Lẹ́yìn ìyẹn ìyára náà ń rọlẹ̀. Fún àgbẹ̀ tó fẹ́ kó àgbàdo rẹ̀ lọ sí ọjà, tàbí tó fẹ́ sá a sóòrùn kí ó tún un dì, ó ti pẹ́ jù kí ó dúró de ọjọ́ yẹn.

Ohun tó ń dín kù

Apá yìí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé àmì kan ṣoṣo ló yí padà. Bí A bá dúró fún iye ohun tó ṣẹ́ kù (kì í ṣe A ti òkè yìí mọ́), a ń kọ dA/dt = −kA, kí k fúnra rẹ̀ lè ju òdo lọ, ìyàsọ́tọ̀ kan náà sì fún wa ní A = A₀e^(−kt). Àkókò tí ohun náà fi ń ku ìdajì jẹ́ ln 2 ÷ k. Kọfí wà lára ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ti ń gbìn ní ilẹ̀ Kàbà tipẹ́, kaféènì inú rẹ̀ sì máa ń ku ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Ti aboyún máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá mu kọfí tó ní 100 milligírámù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, k jẹ́ 0.1386 fún wákàtí kan, nígbà tó bá sì di aago mọ́kànlá alẹ́, 100e^(−0.1386 × 7), nǹkan bí 38 milligírámù, ṣì wà lára rẹ̀.

Kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tó máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, náà ń tẹ̀ lé ìlànà yìí, òun sì ni Willard Libby, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1960, nítorí pé ó fi hàn bí a ṣe lè fi mọ ọjọ́ orí igi, egungun àti èédú. Ohun abẹ̀mí ń gba kábọ́ọ̀nù yìí wọlé títí di ọjọ́ tó bá kú. Lẹ́yìn náà iye rẹ̀ ń ku ìdajì ní gbogbo ọdún 5,730. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti walẹ̀ ní agbègbè Iffe ní Ìjùmú, èédú sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń wá jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká sọ pé wọ́n rí èédú tí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kábọ́ọ̀nù 14 rẹ̀ ṣì kù. Èyí tumọ̀ sí pé 0.8 = e^(−kt), k = 0.693 ÷ 5,730 = 0.000121, t = ln(1 ÷ 0.8) ÷ k, nǹkan bí ọdún 1,845. Ẹ ṣọ́ra: ìgbà tí igi náà kú la rí, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n dáná sun ún.

Omi gbígbóná ní àárọ̀ ọyẹ́

Ibí yìí ni àkọ́sórí ti ń já ènìyàn kulẹ̀, tí ìyàsọ́tọ̀ sì ń fi agbára rẹ̀ hàn. Ẹ bu omi gbígbóná sínú ife ní àárọ̀ ọyẹ́ ní Ìsánlú, nígbà tí inú yàrá wà ní 22°C. Kí ni ìyára tó fi ń tutù dá lórí? Kì í ṣe bó ṣe gbóná tó nìkan. Omi tó wà ní 22°C gan-an kò ní tutù mọ́ bó ti wù kí nọ́ńbà náà tóbi lójú, nítorí pé kò yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Ìyàtọ̀ láàárín omi àti yàrá ló ń lé ooru jáde. Newton sọ èyí nínú ìwé kan tó jáde ní ọdún 1701, bí T bá sì dúró fún bí omi náà ṣe gbóná tó, tí t jẹ́ àkókò, bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

dT/dt = −k(T − 22)

Ẹ má ṣe pín pẹ̀lú T. T − 22 lódindi ni kí ẹ fi pín:

dT/(T − 22) = −k dt

Ìńtígírà rẹ̀ jẹ́ ln|T − 22| = −kt + C. Bí omi náà bá gbóná ju yàrá lọ, a lè yọ àmì | | tó yí T − 22 ká. Bí ó bá jẹ́ omi inú ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde, T kéré sí 22, ẹ kọ 22 − T, ìdọ́gba kan náà yóò sì sọ bó ṣe ń lọ́wọ́ọ́rọ́. Níkẹyìn,

T = 22 + (T₀ − 22)e^(−kt)

Ká sọ pé tẹmọ́mítà ka 88°C nígbà tí a bu ú, ó sì ka 66°C lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 66, ìkejì jẹ́ 44. Ẹ pín wọn: 44 ÷ 66 jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, nítorí náà k = ln 1.5 ÷ 10, tàbí 0.0405 fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbà wo ni yóò dé 38°C, tí a lè fi wẹ ọmọ? Ìyàtọ̀ ìgbà náà jẹ́ 16. Ln(66 ÷ 16) jẹ́ 1.417, a pín in pẹ̀lú 0.0405, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 35. Ẹni tó bá lo T = 88e^(−kt) yóò rí i pé ìlànà rẹ̀ ń sọ pé omi náà máa tutù títí yóò fi sún mọ́ 0°C, ibi tí omi ti ń di yìnyín, nínú yàrá tó wà ní 22°C, èyí nìkan sì tó láti fi hàn án pé gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ kò pé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ máa po omi náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ẹ tó kà á, ẹ má gbé ife sí ojú fèrèsé tí ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kíkà lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì kí ife fúnra rẹ̀ lè ti gbóná tán.

Gbèsè, àti ìdáhùn tí pípín máa ń gbé pamọ́

Ká sọ pé ẹnì kan yá 300,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, pé èlé jẹ́ ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún tó ń gun orí ara rẹ̀ láìdúró, àti pé ó ń san 120,000 náírà lọ́dún, díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí B bá jẹ́ gbèsè tó kù,

dB/dt = 0.24B − 120,000

Kí ẹ tó pín, ẹ bi ara yín pé: iye wo ni B lè jẹ́ tí apá ọ̀tún yóò fi di òdo? Ó jẹ́ 500,000. Bí gbèsè náà bá jẹ́ 500,000 gan-an, èlé ọdún kan àti owó tí ó ń san dọ́gba, gbèsè náà kò sì ní kúrò lójú kan títí láé. Ìdáhùn gidi ni, pípín a sì máa gbé e pamọ́. Gbèsè tó bá ju ìyẹn lọ ń pọ̀ sí i, èyí tó bá kéré sí i ń tán lọ. Tiwa kéré sí i, nítorí náà a lè tẹ̀ síwájú: dB/(0.24B − 120,000) = dt, èyí tó já sí B = 500,000 − 200,000e^(0.24t). B di òdo nígbà tí e^(0.24t) jẹ́ 2.5, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 3.82, nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́wàá. Gbogbo owó tí yóò ti san jẹ́ nǹkan bí 458,000 náírà. Bí ó bá jẹ́ pé kò lè san ju 72,000 lọ lọ́dún, èlé nìkan ló ń san. Bí kò bá tó ìyẹn, gbèsè náà yóò máa ga sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fìgbà kan dáwọ́ sísan dúró. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé owó yíyá ṣe ìṣirò ìlà kan ṣoṣo yìí: ìwọ̀n èlé nígbà gbèsè, kí ó fi wé owó tí agbára rẹ̀ ká láti san.

Kì í ṣe gbogbo ìdọ́gba ló ṣe é yà sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ ó fi dán an wò ni bóyá ẹ lè kọ apá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ohun méjì tó ń sọ ara wọn di púpọ̀, tí ọ̀kan ní iye nìkan, tí èkejì ní àkókò nìkan. Bí ìwọ̀n èlé bá ń yí padà lọ́dọọdún tí a kò sì tíì san nǹkan kan, dB/dt = k(t)B, ó ṣì ṣe é yà: dB/B = k(t)dt. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá pinnu pé òun yóò máa fi 10,000 náírà kún ìwọ̀n tí òun ń san lọ́dọọdún, ìdọ́gba rẹ̀ di dB/dt = 0.24B − 120,000 − 10,000t. B àti t ti wà nínú ìròpọ̀ kan náà, kò sì sí bí a ṣe lè pín in tí ọ̀kan yóò fi kúrò lára èkejì. Ẹ má ṣe fi ipá yà á. Ẹ gbé gbogbo B lọ sí apá òsì, kí ó di dB/dt − 0.24B = −120,000 − 10,000t, kí ẹ sì fi e^(−0.24t) sọ apá méjèèjì di púpọ̀, apá òsì yóò di difẹrẹ́ńṣíà Be^(−0.24t) lódindi, ìńtígírà kan ló sì kù tí ẹ ó ṣe.